Ọjọ́ tí Mo Rí Oṣù Nínú Awò Bàbá

“Má mí sí i lára,” ni Bàbá wí.

Mo fi ọwọ́ di imú. Ó ń fi etí aṣọ funfun nu dígí kan tó fẹ̀ bí ìdérí ife, ó ń nu ún yípo yípo, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun. Òórùn igi tútù ṣì wà lára ọ̀pá pákó oníhò gígùn tó gbé lé ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí àárọ̀ ọjọ́ náà ló gbà á lọ́wọ́ káfíńtà ní Anloga. Ààwẹ̀ ti wọ ọ̀sẹ̀ kẹta. Lẹ́yìn ògiri, àwọn ìyá wa ń gún fùfú Kumasi tí a ó fi ṣínu, ìró odó sì ń mi ilẹ̀ lábẹ́ àga wa.

Bàbá kì í ṣe ìbátan mi. Aládùúgbò wa ní Sawaba ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Kumasi bí wọ́n ṣe bí èmi náà. Ó ń tún gíláàsì ojú ṣe ní ọjà Kejetia. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò sì bímọ. Bó bá ti ọjà dé ní ìrọ̀lẹ́, á gbé àga sí ẹ̀yìn ilé, á máa wo ojú ọ̀run, èmi á sì jókòó tì í.

Awò tó kọ́kọ́ ń lò láti wo ọ̀nà jíjìn, páálí tí àwọn aláṣọ ń ká aṣọ mọ́ ni. Ó fi dígí gíláàsì àtijọ́ kan sí orí rẹ̀, ó fi òmíràn sí ìdí. Bí a bá fi wo òṣùpá, á máa gbọ̀n bí ẹyin nínú omi. Bí a bá fi wo ìràwọ̀, iná kan tó ń ṣẹ́jú lásán la ó rí. Ó wá dígí tó dára ju ìyẹn lọ títí. Nígbà tó rí i, ara ẹ̀rọ àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ló wà, ẹni tó ni ín sì ní àfi kẹ̀kẹ́ Bàbá lòun yóò gbà. Bàbá fún un ní kẹ̀kẹ́. Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ ló ń fi rìn lọ sí Kejetia. Dígí yẹn ló ń nù lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí.

Alhaji kan wà ládùúgbò tó ń ta abọ́. Òun ni wọ́n ń fi síwájú nínú ohun gbogbo nítorí pé ohùn rẹ̀ rinlẹ̀, kì í ṣe nítorí ọgbọ́n. Mo ti darúgbó, mo lè sọ bẹ́ẹ̀. Ó kọjá lọ́jọ́ náà, ó rí awò tuntun tí Bàbá ń tò.

“Ei! Ẹ wo ọkùnrin tó fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ sọ́run!”

“Mi ò tíì dé ọ̀hún, Alhaji,” ni Bàbá fèsì. “Ẹ wá wò ó, ẹ ó rí ibi tí mo bá a dé.”

“Ojú tí Ọlọ́run fún mi tó mi paa.”

Ohun kan ni Bàbá ń fẹ́: kí lémọ́mù jẹ́ kí òun gbé awò náà wá síbi tí wọ́n ti ń wo oṣù, kí àwọn arúgbó tí ojú wọn ti ṣú lè bá àwọn yòókù rí i. Lémọ́mù ní òun yóò rò ó.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ààwẹ̀, Bàbá kọ orí awò sí ìwọ̀ oòrùn, ó mú búùtà, ó lọ ṣe àlùwàlá. “Má fọwọ́ kàn án,” ó wí fún mi. Mo fọwọ́ kàn án. Mo yí i díẹ̀, mo sì rí i: ó tín-ín-rín, ó funfun, ó tẹ̀ bí èékánná ọmọ ọwọ́.

“Oṣù ti lé! Oṣù ti lé!”

Àwọn ọmọdé gba ariwo náà lẹ́nu mi, wọ́n gbé e láti ojúlé dé ojúlé. Kí Bàbá tó jáde, wọ́n ti pa adìyẹ ọdún nílé kejì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo inú awò. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ tó ṣì tutù fún omi àlùwàlá gbé àgbọ̀n mi sókè.

“Gbé ojú kúrò nínú awò. Kí lo rí lókè?”

Kò sí oṣù. Àgùàlà nìkan ló ń tàn lórí páànù, ìràwọ̀ ńlá tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní ajá oṣù.

“Àgùàlà ni, Bàbá.”

“Òun ni. Ṣé o rí i? Òun náà a máa tín-ín-rín bí oṣù! Awò àtijọ́ ni kò lágbára láti fi hàn wá.” Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n fún ayọ̀. Òun náà kò rí i rí.

“Agoo!” Alhaji ti dé, àti lémọ́mù, àti èrò lẹ́yìn wọn. “Ta ló rí oṣù?”

Mo sá sẹ́yìn Bàbá.

“Èmi ni,” ni Bàbá wí. “Àgùàlà ni mo rí, mo ṣe bí oṣù ni.”

Alhaji rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. “Wallahi, ó ta kẹ̀kẹ́ ra ajá oṣù!” Lémọ́mù kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní kí awò náà máa gbé ilé. A gba ààwẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Láti ìgbà náà, Ajá Oṣù ni gbogbo Sawaba ń pe Bàbá, ó sì ń dáhùn. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ lọ jẹ́wọ́, ó ní, “Ìwọ ṣì máa pẹ́ ládùúgbò yìí. Jẹ́ kó wà lọ́rùn mi.” Ọrùn rẹ̀ ló wà tó fi kú.

Mo kàwé, mo di olùkọ́, mo fẹ̀yìn tì sí ilé yìí kan náà. Awò kékeré ni mo kọ́kọ́ rà. Lọ́dún yìí, mo ra ńlá. Ní oṣù tó kọjá, ọmọ-ọmọ Alhaji wá kí mi ní ìrọ̀lẹ́. Ohùn tirẹ̀ náà rinlẹ̀, wọ́n sì ti ń fi òun náà síwájú. Mo kọ awò sí àgùàlà, mo ní kó wá wò ó. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

“Subhanallah! Mama, oṣù ti lé!”

Láti kékeré ni mo ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ìdílé wọn. Mo jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ nínú àṣìṣe náà. Ó dùn mọ́ mi, n kò ní purọ́. Lẹ́yìn náà ni mo ní, “Gbé ojú kúrò nínú awò. Kí lo rí lókè?”

Ó wòkè. “Àgùàlà,” ó wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. “Ei, Mama, ẹ mú mi! Àṣé bàbá tí wọ́n ń pè ní Ajá Oṣù yẹn kò ṣiwèrè?”

“Kò ṣiwèrè, kò sì fìgbà kan pe àgùàlà ní oṣù. Èmi ni mo pariwo lọ́jọ́ náà.”

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ jáde nìyẹn. Ó tún padà sídìí awò. Nígbà tó ń lọ, ó bẹ̀ mí kí n gbé e wá síbi tí wọ́n ti ń wo oṣù nígbà ààwẹ̀, nítorí àwọn àgbà. Mo ní n ó rò ó.

Mo ti rò ó tán kó tó dé ẹnu ọ̀nà. N ó gbé e lọ. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ìdílé Alhaji náà dúró díẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, mò ń wo ojú ọ̀run tèmi. Bí mo bá sì ti gbé ojú kúrò nínú awò, mo ṣì máa ń mọ ìtutù ọwọ́ Bàbá lábẹ́ àgbọ̀n mi.