Tẹ Ení Bí Ara Rẹ Bá Le

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Bísọ́dún jẹ́, ẹ bi í léèrè bóyá ara rẹ̀ le. Á wò yín láti orí dé ẹsẹ̀, á ní, "Apá ibo nínú ara?" Ọmọ Oǹdó ni, nọ́ọ̀sì sì ni. Tíṣà Lawrence tó bí i kì í gba irọ́ nílé rẹ̀, ìbáà ṣe irọ́ tí a fi ń tu àlejò nínú. Àwọn ọmọ ibẹ̀ dàgbà láì mọ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ bọ oyin.

Èmi Àbẹ̀kẹ́ tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, nọ́ọ̀sì ni èmi náà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi ti wá ta aṣọ ní Ọjà Ọba Àkúrẹ́, ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ sí ènìyàn. A jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù aládàáni kan nílùú náà, Dókítà Adébùsóyè ló ni ín. Ọ̀rẹ́ ni wá, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tó lè fara da ẹnu wa.

Iṣẹ́ Bísọ́dún ni kó máa lọ wo àwọn aboyún tó ń gbé níta Àkúrẹ́. Á gun ọkadà lọ sí Ipogun, á gun bọ́ọ̀sì lọ sí Ìgbàrà-Òkè, àpò ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn. Kì í gba pálọ̀ wọlé. Ilé ìdáná ló máa ń gbà, á jókòó sórí àpótí, á máa wo ojú àti ẹsẹ̀ obìnrin náà bó ti ń ro ọbẹ̀. Ó lè wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ láì béèrè nǹkan kan nípa àìsàn, kó sì mọ gbogbo ohun tó wá mọ̀ kó tó dìde.

Ìgbà tó yá, epo pẹtiróòlù gbówó lórí débi pé àwọn ènìyàn ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi tí wọ́n ti ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ tẹ́lẹ̀. Búrẹ́dì di nǹkan ọdún. Àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ wa ń lọ sí ìlú òyìnbó lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá pẹ́ dé ibiṣẹ́ láàárọ̀, a ó ti máa ṣàdúrà ìrìn àjò fún un. Dókítà ní òun ò lè rówó ọkọ̀ mọ́. Ó lọ sí Èkó, ó sì gbé ọgbọ́n tuntun bọ̀: ẹ̀rọ tí yóò máa pe àwọn aboyún lórí fóònù ní àràárọ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń sọ Yorùbá bí ẹni tí ẹnu ń ta ló gba ohùn sínú rẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, ìyá wa. Bí ara yín bá le, ẹ tẹ ení. Bí ara yín kò bá yá, ẹ tẹ èjì."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ro ìbéèrè yẹn wò. Ta ló máa jí ní kùtù hàì, pẹ̀lú oyún nínú, tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pé ara òun ò yá? Onígbàgbọ́ á fi gèlè so orí tó ń fọ́ ọ mọ́lẹ̀, á ní ara òun le lórúkọ Jésù. Àwa Mùsùlùmí náà ò sàn jù. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ bàbá mi kán, Alhamdulillah ló ń dá àwọn tó wá kí i lóhùn. A kì í fi ẹnu wa pe àìsàn wá sílé, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀, àfi Dókítà tó kàwé jù.

Nítorí náà, gbogbo wọn ń tẹ ení. Dókítà gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá kan kọ́ sí ibi tí àwọn aláìsàn ń jókòó sí, orúkọ àwọn aboyún wà lójú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì tutù bí oko ìlá. Àwọ̀ ewé ni fún ẹni tó tẹ ení, pupa ni fún ẹni tó tẹ èjì. Dókítà á dúró níwájú rẹ̀, á ki ọwọ́ bọ àpò, á ní, "Sístà Àbẹ̀kẹ́, ẹ wò ó. Kò sí aláìsàn kankan."

Mary ará Ipogun wà lára àwọn tó tẹ ení. Ọjọ́ tó tẹ̀ ẹ́ gan-an ni wọ́n fi ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó kòkó gbé e dé, gìrì oyún ti gbé e láìmọye ìgbà lójú ọ̀nà. A rí Mary gbà, a ò rí ọmọ rẹ̀ gbà. Orúkọ rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ ń sunkún lábẹ́ rẹ̀.

"Ó tẹ ení," ni Dókítà wí. "Obìnrin yẹn parọ́. Ẹ̀rọ kì í parọ́."

"Kò parọ́, sà," ni Bísọ́dún dáhùn. "Àdúrà ló ń gbà. Ẹ̀yin lẹ wá ń ka àdúrà rẹ̀ bí èsì àyẹ̀wò."

Ẹ̀rù àwọn ẹbí Mary ló ba Dókítà, kì í ṣe ti Ọlọ́run. Ó ní kí Bísọ́dún ṣe ẹ̀rọ náà bó ṣe wù ú. Bísọ́dún ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó sì gba ohùn ara rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, ohùn Oǹdó tó máa ń dún bí ẹni ń jà: "Bísọ́dún ni o. Bàtà rẹ, ṣé ó ti ń fún ọ? Ṣé o ṣì lè fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́? Ṣé o fi gèlè so orí mọ́lẹ̀ lónìí? Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, tẹ èjì." Kò dárúkọ àìsàn rárá. Àwọn obìnrin tí wọn kò ní fẹ̀sùn kan ara wọn láéláé wá rí bàtà tí wọ́n lè fẹ̀sùn kàn. Inú wọn dùn gan-an. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá pupa, Bísọ́dún á pè é, á ní kó lọ wọn ìfúnpá rẹ̀ níbi tó súnmọ́ ọn, ẹni tó bá yẹ kó wá sí Àkúrẹ́ á sì wá. Ẹ̀rọ tí mo ti ń bú wá di ohun tó wúlò, ó sì dùn mí díẹ̀ láti gbà bẹ́ẹ̀.

Ayọ̀mikún ni Bísọ́dún ń ṣọ́ jù lọ nínú wọn. Tíṣà ni ní Ìgbàrà-Òkè. Oyún méjì ti bà jẹ́ lára rẹ̀, dókítà mìíràn sì ti sọ fún un pé bí èyí náà bá lọ, kó má gbìyànjú mọ́. Pásítọ̀ rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ fi ẹnu sọ ohun búburú kankan títí tí yóò fi bímọ. Ìgbàkígbà tí mo bá gbé fóònù rẹ̀, "Ara mi le" ló fi ń bẹ̀rẹ̀, kí n tó kí i pàápàá.

Bó ṣe wà nìyẹn tí Dókítà fi gbọ́ pé àwọn olówó kan ń bọ̀ láti Àbújá wá wo ẹ̀rọ náà. Ó wo tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, ó rí i tí pupa wà káàkiri, ojú tì í. Lọ́jọ́ Sátidé, ó yọ ohùn Bísọ́dún kúrò, ó dá ọmọ Èkó padà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ Àìkú, oko ìlá ti padà sórí ògiri.

Àárọ̀ Ọjọ́rú tí àwọn àlejò ń bọ̀ ni Bísọ́dún tó mọ̀, nítorí ìsinmi ló wà. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó lọ sídìí kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ ìbí Dókítà ni nọ́ńbà àṣírí rẹ̀, kò sì sí ẹni tí kò mọ ọjọ́ ìbí yẹn nínú wa, nítorí kéèkì gbígbẹ tó ń fi tipátipá fún wa jẹ lọ́dọọdún. Ó dá ohùn ara rẹ̀ padà, ó sì ní kí ẹ̀rọ náà tún gbogbo wọn pè.

Àwọn àlejò dé, wọ́n jókòó, wọ́n ń jẹ mítípáì. Dókítà na ọ̀pá sí tẹlifíṣọ̀n. Níbi tó ti ń ṣàlàyé ni orúkọ Ayọ̀mikún ti pọ́n níwájú gbogbo wọn.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni," ni Dókítà sọ, ó ń rẹ́rìn-ín.

Bísọ́dún ti ń pè é. Mo fi etí mi mọ́ fóònù náà.

"Ara mi le, Sístà," ni Ayọ̀mikún wí. Ohùn rẹ̀ ń fà. "Uṣẹ́ ulé ni mo ṣe jù."

"Mi ò béèrè ara. Kàlẹ́ńdà kan wà lára ògiri yín. Ka ohun tí wọ́n kọ sí i fún mi."

A gbọ́ tó ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ sídìí ògiri. Ó wá ní, "Mi ò rí i kà."

Bísọ́dún ní kó fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, kó má dìde mọ́. Jíìpù Dókítà nìkan ló ní epo lọ́jọ́ náà, òun ni wọ́n fẹ́ fi gbé àwọn àlejò lọ wo òkè Ìdànrè. Bísọ́dún yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò níwájú Jímọ̀, awakọ̀, ó ní, "Dìde." Dókítà pe orúkọ rẹ̀ láìfi Sístà sí i. Kò bojú wẹ̀yìn. Mo gbé àpò abẹ́rẹ́, mo tẹ̀ lé e, inú mi ń dùn bí inú ọmọ burúkú.

Inú mi kò dùn mọ́ nígbà tí a débẹ̀. Ojú Ayọ̀mikún ti wú débi pé mi ò kọ́kọ́ dá a mọ̀. Mo wọn ìfúnpá rẹ̀, mo tún un wọ̀n, nítorí mi ò fẹ́ gbà á gbọ́. A gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń dènà gìrì, a gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, Jímọ̀ sì fi eré ikú gbé wa dé Àkúrẹ́. Dókítà ló ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ọwọ́ rẹ̀ dára, ẹnu rẹ̀ ni ìyọnu. Ọmọ náà kéré, ó jẹ́ obìnrin, ó sì ké.

Nígbà tí ojú Ayọ̀mikún là dáadáa, Dókítà kó àwọn àlejò wá sídìí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ayàwòrán. Ó ní ètò òun ló rí i láti òkèèrè. Ó bẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ Ayọ̀mikún, ó béèrè bí ara ṣe rí.

"Ara mi le, sà. A dúpẹ́," ni ẹni tí a là nínú bí ẹja wí. Àwọn àlejò mi orí, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n lọ.

Ó kù àwa mẹ́ta. Ayọ̀mikún ń wo ọmọ rẹ̀, lẹ́yìn náà ó yíjú sí Bísọ́dún.

"Láti ọjọ́ Àìkú lorí ti ń fọ́ mi, Sístà."

Inú bí mi. Mo ní, "Ọjọ́ Àìkú! Ṣebí fóònù ń dún láràárọ̀?"

"Ohùn ẹlòmíràn ni mo gbọ́ lọ́jọ́ Àìkú," ni ó wí. Bísọ́dún ló ń wò, kò wo èmi. "Mo rò pé ẹ̀yin náà ti lọ sí ìlú òyìnbó ni, bí gbogbo wọn ṣe ń lọ. Mo sunkún. Mo wá ń tẹ ení."

Bísọ́dún súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó tún ìbora Ayọ̀mikún ṣe, ó sì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú lórí ìbora náà títí oorun fi gbé e lọ.