Ibà Tó Ń Ṣe Gíà Ọkọ̀ Mi

Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì. Bí èèyàn bá ṣe é pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ohun kan wà tó máa dá a lójú: aláìsàn ń parọ́. "Nọ́ọ̀sì, mi ò mu àgbo kankan o." Àgbo ṣì wà létè ẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, àná ni ara ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná." Àná, nínú oṣù tó kọjá! Mo máa ń bú wọn dáadáa. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ọ̀rọ̀ Ògúnṣẹ̀san ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n tèmi á yọjú níbẹ̀, bó ti wù kí n fi pamọ́ tó.

Ògúnṣẹ̀san ń tún gíà ọtomátíìkì ṣe lábẹ́ igi òdán kan ní Ìjẹmọ̀, ní Abẹ́òkúta níbí, kò jìnnà sílé mi. Gíà nìkan ló ń ṣe. Tí ẹ bá gbé ẹ́ńjìnnì lọ bá a, á ní kí ẹ máa lọ, kò sì ní bẹ̀ yín. Ọmọ oko ni. Bàbá ẹ̀ ń bọ Ògún títí dọjọ́ ikú, òun náà ò sì yí orúkọ ẹ̀ padà torí ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, àwa ará ṣọ́ọ̀ṣì, àwa ọmọ ìmọ́lẹ̀, a kì í gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀. Ọ̀dọ̀ Bùrọ́dà Theophilus là ń gbé e lọ. Theophilus ń kọ tẹ́nọ̀ nínú kúáyà, ohùn ẹ̀ sì dùn gan-an. Ta ni ò mọ̀ pé ohùn dídùn ni wọ́n fi ń tún ọkọ̀ ṣe?

Ọkọ̀ mi ti lé lógún ọdún. Bàbá Máyọ̀wá ló rà á kó tó kú. Lọ́dún tó kọjá, dókítà ojú ní n ò gbọdọ̀ wakọ̀ mọ́. Ni Máyọ̀wá, ọmọ mi ọkùnrin, bá sáré wá láti Èkó, ó jókòó sí pálọ̀ mi bí adájọ́, ó sì dájọ́. Ó ní n lè máa gbé Ìjẹmọ̀ níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ bá ṣì ń rìn, tí Priscilla, ọmọ àbúrò mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi, bá ń fi gbé mi lọ sílé ìwòsàn. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá dákẹ́, Èkó yá. Ó ní yàrá mi ti wà nílẹ̀.

Mo mọ yàrá náà. Tẹlifíṣọ̀n ibẹ̀ fẹ̀ tó ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá fẹ́ kí mi, wọ́n á kọ́kọ́ kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé ní géètì, bí ẹni tó fẹ́ wo ẹlẹ́wọ̀n. Ní Ìjẹmọ̀ ńkọ́? Ìdajì àwọn tó ń kọjá níwájú ilé mi, ọwọ́ mi ni wọ́n bọ́ sí lọ́jọ́ tí wọ́n dáyé. "Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú àárọ̀ o!" Mo ń gbọ́ ọ kí n tó fọ ojú. Mi ò fẹ́ lọ. Ẹ̀rù yàrá yẹn bà mí ju ẹ̀rù ikú lọ.

Àfi bí ọkọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ ibà. Láàárọ̀, ara ẹ̀ á yá. Tó bá ti gun òkè lẹ́ẹ̀mejì, gíà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ní Abẹ́òkúta, ẹ sọ fún mi, ọ̀nà wo lẹ fẹ́ gbà tẹ́ ò ní gun òkè? Ẹ́ńjìnnì á máa ké, ọkọ̀ ò ní lọ, òórùn nǹkan tó ń jóná á gba gbogbo inú ọkọ̀. Tí a bá dúró kó sinmi, á tún dáa. Bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó wà láàárín gbùngbùn, kò tilẹ̀ mira.

Máyọ̀wá dé, ó kó àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wá. Ọ̀gá àkọ́kọ́ ò bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tiẹ̀. Ó na ọrùn, ó wo tèmi láti ojú fèrèsé, ó ní gíà ti kú, ká lọ ra tòkunbọ̀. Ẹ gbà mí! Ká ní èmi wo aláìsàn bẹ́ẹ̀ ni, wọn ì bá ti lé mi níṣẹ́. Èkejì gbé kọ̀ǹpútà wá. Ó fi wáyà rẹ̀ bọ abẹ́ sítiárìn, ó ka nọ́ńbà sí wa létí bí ẹni ń ka Sáàmù, ó pààrọ̀ nǹkan kékeré kan tó pè ní sẹ́ńsọ̀. Ọkọ̀ gba sẹ́ńsọ̀ tuntun tayọ̀tayọ̀, ó sì daṣẹ́ sílẹ̀ lórí òkè lọ́jọ́ kejì. Bí Máyọ̀wá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa ra ọkọ̀ nìyẹn. Priscilla ló bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká gbé e dé ọ̀dọ̀ Ògúnṣẹ̀san ná.

Ògúnṣẹ̀san ò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀pà ló ń jẹ. Ó gbé àga fún mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó wá bi mí pé, "Màmá Nọ́ọ̀sì, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

Orí mi wú. Ìbéèrè tèmi nìyẹn! Ìbéèrè tí mo fi ọdún mẹ́rìndínlógójì bi aláìsàn! Kò sẹ́ni tó bi wá nínú gbogbo àwọn tó ti wo ọkọ̀ náà. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà lójú ẹsẹ̀.

Mo ní, "Bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan."

"Kí ni wọ́n ṣe sí i kó tó bẹ̀rẹ̀?"

"Kò sí," ni mo wí.

Irọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ yẹn, Priscilla lọ sí ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní Ìlaròó. Mo ní kọ́kọ́rọ́ kejì, èyí tí bàbá Máyọ̀wá ń lò, mo dì í sínú áńkáṣíìfù, kò sẹ́ni tó mọ̀. Mo gbé ọkọ̀ jáde. Kò síbi tí mò ń lọ. Mo kàn fẹ́ wakọ̀ ni, kí n ṣí wíńdò, kí atẹ́gùn fẹ́ sí mi lójú. Lórí òkè ni rédíétọ̀ ti bẹ́, omi ń ru jáde. Mo pe Theophilus. Ó sáré wá, ó fi rédíétọ̀ mìíràn sí i kílẹ̀ tó ṣú, ó sì búra fún mi pé òun ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ṣèlérí, ó sì mú un ṣẹ. Rédíétọ̀ nìkan ni ò ṣe dáadáa.

Ògúnṣẹ̀san ò bá mi jiyàn. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fa géèjì yọ, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì gíà, ó kán ọ́ìlì ẹ̀ sórí bébà funfun. Ọ́ìlì tó yẹ kó pupa bíi sóbò ti dúdú, ó ń rùn bí ìsàlẹ̀ ìkòkò tí ẹnì kan gbàgbé sórí iná. Ó fi ìka méjì ra á, ó ní kò sí èérún irin nínú ẹ̀, bóyá ó ṣì ní ìrètí. Ó ní kí Priscilla wakọ̀ gun òkè. Òun jókòó síwájú, ó bọ́ bàtà, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ lé ilẹ̀ ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí gíà wà nísàlẹ̀. Máyọ̀wá tó jókòó tì mí ń rẹ́rìn-ín sínú. Lẹ́ẹ̀kejì tá a gun òkè, Ògúnṣẹ̀san gbé ẹsẹ̀ kúrò fìrì, bí ẹni tó tẹ iná.

Nígbà tá a padà dé, ó tún ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó nawọ́ sísàlẹ̀ rédíétọ̀, ó ní, "Ẹ wò ó. Páìpù méjì ló ń bọ̀ láti inú gíà. Ọ́ìlì gbígbóná á gba ọ̀kan wọ rédíétọ̀, á tutù níbẹ̀, á gba ìkejì padà. Rédíétọ̀ tí wọ́n fi síbí, ti ọkọ̀ tí wọ́n ń fọwọ́ yí gíà ẹ̀ ni, kò ní ẹnu tí páìpù méjèèjì máa wọ̀. Ẹni tó ṣe é wá so páìpù méjèèjì mọ́ra wọn. Ọ́ìlì ń jáde ní gbígbóná, ó ń padà wọlé ní gbígbóná."

Áà, tẹ́nọ̀ wa! Orin ni kó gbájú mọ́.

"Ìgbà wo ni wọ́n pààrọ̀ ẹ̀?" Ògúnṣẹ̀san bi wá.

Máyọ̀wá ní, "Kò sẹ́ni tó pààrọ̀ ẹ̀. Bóyá bí Dádì ṣe rà á nìyẹn."

Ògúnṣẹ̀san fi àtàǹpàkò nu kílíìpù tó di páìpù náà mú. Ó ń dán, kò dógùn-ún rárá. Ó rí i, èmi náà rí i. Kò wo Máyọ̀wá. Ó ní, "Tó bá ti pẹ́, ẹ tà á. Inú gíà á ti jóná, mi ò ní tàn yín jẹ. Tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀, mo lè gbà á là. Páìpù ò lè sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ni kó sọ." Ó padà sídìí ẹ̀pà ẹ̀.

Tí mo bá dákẹ́, wọ́n á ta ọkọ̀, mo di ará Èkó. Tí mo bá sọ ọ́, Máyọ̀wá á mọ̀ pé ìyá òun ń jí ọkọ̀ wà pẹ̀lú ojú tí kò ríran dáadáa mọ́, bóyá Èkó náà ni. Mo rántí gbogbo àwọn ìyá tí mo ti jágbe mọ́ pé, "Ṣó o fẹ́ kí ọmọ ẹ kú ni? Sọ òótọ́!" Mi ò mọ̀ pé ó nira tó báyìí.

Mo ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Èmi ni mo wà á. Theophilus ló pààrọ̀ ẹ̀."

Máyọ̀wá ò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, mo mọ bí mo ṣe máa dá a lóhùn. Ojú ẹ̀ pọ́n, omi lé róró sí i. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀ bá ti pa ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀ bá ti pa ara yín." Ó nawọ́ sí mi. Ojú tì mí. Mo tú áńkáṣíìfù, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ bàbá ẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ó ní kí Ògúnṣẹ̀san tún ọkọ̀ ṣe, kí n dúró sí Ìjẹmọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò gbọdọ̀ kan sítiárìn mọ́ láyé.

Ọjọ́ kẹrin, Ògúnṣẹ̀san gbé ọkọ̀ wá. Ó ti fi rédíétọ̀ tó lẹ́nu sí i, ó ti da ọ́ìlì jíjóná nù, ó sì ti rọ tuntun. Ó ní kí n fọwọ́ kan páìpù méjèèjì. Ọ̀kan gbóná, èkejì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo ní, "O kú iṣẹ́, dókítà." Ó rẹ́rìn-ín. Mo yíjú, ẹsẹ̀ mi sì gbé mi lọ tààrà sí ẹnu ọ̀nà ibi tí sítiárìn wà, bó ti máa ń gbé mi lọ láti ogún ọdún. Priscilla ti jókòó síbẹ̀, ó fi okùn gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọrùn.

Ògúnṣẹ̀san ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn fún mi. Ó rọra ní, "Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yìn níbí."

A gun òkè lẹ́ẹ̀kan, a gùn ún lẹ́ẹ̀kejì, gíà ò yọ̀. Àwọn èèyàn ń kí mi lọ́tùn-ún lósì. Mo bọ́ bàtà, mo fi àtẹ́lẹsẹ̀ lé ilẹ̀ ọkọ̀. Ó tutù. Priscilla wò mí nínú dígí, ó rí i pé mò ń nu ojú.

"Mọ́mì, kí ló dé?"

"Kò sí," ni mo wí.