Kẹ́ẹ̀gì Tí Kò Gbọdọ̀ Sọnù

Nínú ọkọ̀ ojú omi ńlá tí èmi àti ọkọ mi fi gbafẹ́, òṣìṣẹ́ kan ń kọ́ wa bí a ó ṣe wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Ó ní kí àgbà kọ́kọ́ wọ tiẹ̀, kó tó wọ tọmọ fún un. Bí mo ṣe gbé tèmi sáyà, òórùn rọ́bà tí oòrùn ti pa kọlù mí nímú.

Mo tún di ọmọ ọdún mẹ́fà nínú ọkọ̀ pákó. Omi ti gba gbogbo ọ̀nà Ajégúnlẹ̀ wa, èmi àti Mọ́mì ń ti ọjà Mile 12 bọ̀, níbi tí wọ́n ti lọ ta epo. Apẹ̀rẹ̀ tòmátì ìyá kan já bọ́ sómi, ni gbogbo èrò bá nawọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀ fì, omi dúdú rọ́ wọlé, ó tutù dé ìdodo mi.

"Ẹ jókòó! Ẹ má dìde o!" Ọlọ́kọ̀ ń pariwo.

Mọ́mì tú gèlè orí wọn. Wọ́n dé kẹ́ẹ̀gì rọ́bà tí wọ́n ti ta epo inú rẹ̀ tán, wọ́n dé e pinpin, wọ́n sì fi gèlè náà so ó mọ́ mi láyà.

"Dì í mú! Tó bá sọnù, màá nà ẹ́!"

Mo dì í mú, mò ń sunkún, nítorí ẹ̀rù ẹgba ń bà mí. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé Mọ́mì ò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo yẹn ni a sì ní tí kò ní jẹ́ kéèyàn rì.

Nígbà tí ọkọ̀ gúnlẹ̀, mo ní, "Mọ́mì, ẹ wò ó, kò sọnù."

Wọ́n jókòó sínú ẹrẹ̀, wọ́n gbá èmi àti kẹ́ẹ̀gì mọ́ra. Wọn ò tú u kúrò láyà mi títí a fi délé.