Abẹ́rẹ́ Ẹ̀jẹ̀ Ẹṣin

Bàbá mi ń tọ́jú ẹṣin fún ìjòyè kan ní Ìlọrin. Ẹ̀yìn ilé ẹṣin náà ni a ń gbé. Ó máa ń kìlọ̀ fún èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pé, ẹṣin tí àjèjì bá nà lónìí lè dákẹ́, ọjọ́ tí ó bá tún rí i ni kí a sá. A máa ń fi í rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ẹṣin tí ó ta wá nípàá rí.

Àìsàn kan wà tí àwọn tí ń tọ́jú ẹṣin ń bẹ̀rù. Ojú ọgbẹ́ ni ó ń gbà wọlé, a sì máa ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ènìyàn pa títí kò fi ní lè mu omi. Nítorí rẹ̀ ni bàbá mi ṣe gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ gba abẹ́rẹ́ nígbà tí ó tẹ irin nínú ìgbẹ́ ẹṣin, lákòókò tí ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n sọ fún bàbá mi pé inú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin ni a ti mú oògùn náà jáde. Ni mo bá ń pe ẹ̀gbọ́n mi ní ọmọ ẹṣin. Mo ní kí ó yí ẹ̀yìn padà kí n wò ó bóyá ìrù ti ń yọ. Ó ní bí ìrù bá yọ, ojú mi ni òun yóò kọ́kọ́ fi gbá.

Nígbà tí ó tó bí ọ̀sẹ̀ kan, ara rẹ̀ lé wúruwùru, ó ń yún un, oríkèé ń ro ó. Ìyá mi fi òrí pa á lára, ó ní ooru ni. Ara yíyún náà lọ, a sì gbàgbé rẹ̀.

Àwa ni a gbàgbé.

Mo ní láti sọ nípa mílíìkì kí ẹ tó lè mọ ohun tí ìyá mi ṣe. Wọ́n máa ń pín mílíìkì lẹ́búlẹ́bú fún àwọn abiyamọ ní ilé ìwòsàn nígbà náà. Ẹni tí ó bá jẹ́wọ́ pé òun ti gbà rí, wọn a ní kí ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá mi jẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé igbá òfìfo wálé.

Lẹ́yìn náà ni ìjì ká páànù ilé ẹṣin. Ibi tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣa á jọ ni ó ti gé wa, èmi lọ́wọ́, òun lẹ́sẹ̀. Ìyá mi kó wa lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan nítòsí Táíwò Road, tí kò sí mọ́ báyìí. Èrò pọ̀. Ọkùnrin tí ń gún abẹ́rẹ́ bi ìyá mi pé, "Ṣé ọ̀kankan nínú àwọn ọmọ yìí ti gba irú abẹ́rẹ́ yìí rí?"

Ìyá mi ní, "Rárá o, ọ̀gá. Wọn ò gbà á rí."

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó. Wọn kò kọ́ wa láti já ìyá wa nírọ́ níwájú ẹlòmíràn.

Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ gún nítorí pé mò ń sunkún. Wọ́n gún un tẹ̀ lé mi. A kò tíì kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó fi sọ pé ọ̀fun ń yún òun. Ètè rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ wú, èémí rẹ̀ ń há bí ẹni pé ihò abẹ́rẹ́ ni ó ń gbà kọjá. Wọ́n gbé e padà wọlé. Wọ́n ṣe ohun tí wọ́n lè ṣe, n kò sì fẹ́ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. A sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Bàbá mi ní kádàrá ni.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bẹ̀rù ara tèmi.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn èyí, nígbà tí mò ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà nítòsí Post Office, ìṣó gún mi lẹ́sẹ̀. Kí n tó jáde nílé, ìyá mi pè mí sẹ́yìn. Ó ní, "Bí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé o ò gbà á rí o. Wọ́n á lé ọ."

Nọ́ọ̀sì tí mo bá ní ilé ìwòsàn jẹ́ obìnrin láti ìhà Ọ̀mù-Àrán. Nígbà tí ó bi mí, mo ní, "Mo ti gbà á rí, mà," mo sì sọ ti ẹ̀gbọ́n mi fún un. Ó rọra gbé abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ni mo ṣe ń sọ ọ́. Ó ní nínú ẹ̀jẹ̀ wa, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti dá àjèjì mọ̀. Bí omi ẹ̀jẹ̀ ẹṣin bá wọlé, wọn a ṣe ohun tín-ín-tín kan tí yóò bá a mu, tí kò ní bá òmíràn mu. Mo rò ó bí gàárì tí a wọn sí ẹ̀yìn ẹṣin kan ṣoṣo. Iṣẹ́ náà ń pẹ́. Ìdí nìyẹn tí ara fi ń yún ẹlòmíràn ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Ní ara àwọn ènìyàn kan, àwọn gàárì yìí a máa lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì mìíràn, lábẹ́ awọ àti lẹ́bàá ọ̀nà èémí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí dà bí àpò tí ó kún fún oró. Wọn a wà níbẹ̀, wọn a máa retí. Ọjọ́ tí àjèjì náà bá padà wá, tí ó bá kan gàárì, gbogbo àpò a tú lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀fun a wú, ẹ̀jẹ̀ kò ní lágbára mọ́ nínú iṣan.

Ó ní, "Ìdí tí a fi ń béèrè nìyẹn."

Ó fọ ojú ọgbẹ́ mi, ó sì gún mi ní abẹ́rẹ́ mìíràn tí kò ti ara ẹṣin wá, èyí tí ń kọ́ ara ènìyàn fúnra rẹ̀ bí yóò ṣe dá àìsàn náà mọ̀. Ó dá mi jókòó pẹ́. N kò kú.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi ń ṣa òkúta kúrò nínú ọkà bàbà tí yóò gbé lọ sí ọjà Ìpàtà. Ó ní, "Wọ́n fún ọ?"

Mo ní wọ́n fún mi.

"O ò sọ fún wọn pé o ti gbà á rí?"

Mo jókòó tì í, mo kó ọwọ́ sínú ọkà. Mo ní n kò sọ.

Ó ṣa òkúta fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè, láìgbé ojú sókè, "Kí ló wá dé tí ti ẹ̀gbọ́n rẹ fi pa á?"

"Kádàrá ni, Ìyá."

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti dúró nínú ọkà náà.