Bí Mo Ṣe Parí Ìwé Alága

Ẹ má wulẹ̀ bá mi wí, mo ti ń bá ara mi wí láti ìgbà yẹn. Ayé ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ológun nígbà náà. Bíríkìlà kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ni alága ẹgbẹ́ onílé wa ní Ìgandò, èmi sì ni akọ̀wé rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ onílẹ̀ fẹ́ ta ilẹ̀ wa lẹ́ẹ̀kejì, òun ló dúró níwájú wa. Wọ́n lù ú, kò sá. Òun ló jẹ́ ká rí oorun sùn.

Kò mọ̀wé. Lọ́jọ́ Àìkú, tó bá ti kírun Aláásárì tán, á ní kí n wá ka ìwé ìtàn kan tí ọmọbìnrin rẹ̀ ń kà nílé ìwé fún òun, kí n máa túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ìtàn ọ̀gágun kan ni, tó gba orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan ní Gúúsù Amẹ́ríkà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Sípéènì. Bàbá fẹ́ràn ibi tí wọ́n ti gba orí òkè tí yìnyín bò kọjá. Á ní kí n tún un kà, pé àwọn ọmọkùnrin yẹn mà láyà o.

Kò pẹ́ làwọn onílé tó kàwé bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Wọ́n ní alága tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń dójú ti àwọn ní káńsù, pé èmi ni ipò náà yẹ. Ó dùn mọ́ mi, kí n má purọ́. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ lẹ́tà tí a máa fi yọ ọ́. Àpò mi ló wà lọ́jọ́ tí mo ka orí tó gbẹ̀yìn fún un.

Nínú orí náà, àwọn tí ọ̀gágun náà gbà sílẹ̀ ló kẹ̀yìn sí i. Ó ń fi ìlú sílẹ̀ lọ ni ikú ká a mọ́ ọ̀nà, ẹ̀wù ẹlẹ́wù ni wọ́n fi sin ín. Ẹnu mi kò gbà á láti túmọ̀ ibẹ̀ fún Bàbá. Mo ní wọ́n fi í jọba, pé ó darúgbó, ọmọ ọmọ rẹ̀ ló sin ín. Bàbá wò mí títí, ó ní mo ṣeun.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, a yọ ọ́, wọ́n sì fi mí jẹ alága. Kò jiyàn. Nígbà tó ń di ẹrù lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo lọ kí i. Ó na ìwé ìtàn náà sí mi.

"Ọmọ mi ti ka ìparí ẹ̀ fún mi kí ìwọ tó bẹ̀rẹ̀. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá wàá sọ fún mi ni."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní kí n dìde jàre, alága kì í dọ̀bálẹ̀ fún bíríkìlà.