Ìnàkí Tí Bọ̀dá Fọ́tò Yà

Mo kórìíra kí èèyàn ṣàdédé na fóònù sí mi pé òun fẹ́ yà mí. Bọ̀dá Fọ́tò, àbúrò bàbá mi, ló fà á.

Iwájú àgò onírin tí ìnàkí kan wà, nínú ọgbà ẹranko ní Port Harcourt, ni Bọ̀dá ti máa ń ya àwọn èèyàn ní fọ́tò lọ́jọ́ ọdún. Tí ìnàkí yẹn bá kọ̀yìn sí wọn, wọn ò ní tẹ kámẹ́rà. Wọ́n á gbé e sọ̀ kalẹ̀ sí àyà, wọ́n á ní, "Kò fẹ́. Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù."

Bàbá kan tó kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá láti Rumuolumeni jágbe mọ́ wọn lọ́jọ́ kan: "Oga, snap us abeg! Na monkey dey pay you?"

Bọ̀dá rọra dáhùn pé, "Oga, you go go house today. This one no go go anywhere."

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá Bọ̀dá dùbúlẹ̀ sí yàrá wọn ní àdúgbò D-Line, àwọn ẹbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní kí n ya fọ́tò wọn fi ránṣẹ́. Mo na fóònù. Bọ̀dá yíjú sí ògiri.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ibí."

Mo dúró títí apá fi ń ro mí. Wọn ò yíjú padà. Mo ki fóònù bọ àpò, mo parọ́ fún àwọn ẹbí pé kámẹ́rà fóònù mi ti bàjẹ́.

N kò ní fọ́tò Bọ̀dá kankan lónìí. Ti ìnàkí yẹn tí wọ́n yà ni mo ní: ó di irin mú, ó ń wò wọ́n.