Ọwọ́ Amọ̀kòkò Kì Í Ṣe Ọwọ́ Adẹ́tẹ̀

A sin Moutiatou, amọ̀kòkò Bantè, ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Ẹnì kan ṣoṣo ló wẹ òkú rẹ̀: Awaou, ọmọ àbúrò rẹ̀. Àwọn obìnrin tó máa ń wẹ òkú ládùúgbò dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ṣàdúà, wọ́n sì padà sílé. Ẹ̀rù ẹ̀tẹ̀ ló ń bà wọ́n. Bẹ́ẹ̀ Moutiatou kò ní ẹ̀tẹ̀ rí láyé rẹ̀.

Ta ló wá sọ ọ́ di adẹ́tẹ̀? Ìwé ara ògiri ni.

Ní ọdún 1954, àwọn kan fi ọkọ̀ wá láti Savalou, wọ́n ní àwọn ń ya fótò iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará ìlú. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n bá Moutiatou, kò sí ohunkóhun lórí rẹ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wé gèlè. Wọ́n ní kò pọn dandan. Amọ̀kòkò tiwa kì í fọ ọwọ́ títí ẹnu àmù yóò fi gbẹ, kí àmù má baà sán. Amọ̀ ti gbẹ funfun lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń bó. Ìka rẹ̀ ká wọnú, bó ṣe máa ń ká a láti fi ra inú ìkòkò. "Màmá, ẹ dúró bẹ́ẹ̀." Ó dúró. Ó tilẹ̀ fún wọn ní ìkòkò kékeré kan lọ́fẹ̀ẹ́.

Lọ́dún kejì, fótò náà dé lórí ìwé kan, ó tóbi bí ilẹ̀kùn. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọjà ní Bantè, ní Gouka, ní Pira. Faransé ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn ní kí n kà á, torí olùkọ́ ni mí. Mo túmọ̀ rẹ̀ sókè ketekete: "Ẹ mọ ọwọ́ adẹ́tẹ̀, kí ẹ sá fún un." N kò tíì wo ojú ẹni tó wà nínú fótò náà. Ìgbà tí mo fi máa wò ó, ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu mi. Ojú ṣì ń tì mí di òní.

Ta ni yóò mu omi inú àmù adẹ́tẹ̀? Obìnrin tó máa ń fi ìka lu ìkòkò létí mi, tó ń rẹ́rìn-ín pé, "Gbọ́ ohùn rẹ̀, ọmọ mi, ó jiná," wá di ẹni tí ń ru gbogbo ẹrù rẹ̀ padà sílé bó ṣe rù ú wá.

Èmi pẹ̀lú rẹ̀ lọ sí Savalou, sí ọ́fíìsì àwọn tó lẹ ìwé náà. Mo mọ orúkọ wọn, àwọn náà mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. Eusèbe, akọ̀wé wọn, ọmọ wa ni, ó gbọ́ èdè wa dáadáa. Moutiatou na ọwọ́ méjèèjì sí i.

"Ọmọ mi, wò ó. Fọwọ́ kàn án."

Kò fọwọ́ kàn án. "Màmá, orúkọ yín ò sí níbẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀yin."

"Ojú mi ńkọ́?"

"Fótò ti ìjọba ni."

Ẹ gbọ́ ọgbọ́n! Ojú àti ọwọ́ rẹ̀ ti di ti ìjọba. Ìtìjú nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un. Dókítà kan kọ̀wé pé ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ta ló lẹ ìyẹn mọ́ ògiri? Moutiatou fa ìwé ara ògiri ọjà ya lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tì í mọ́lé ọjọ́ méjì, wọ́n sì lẹ òmíràn. Mo kọ lẹ́tà mẹ́rin, ẹnikẹ́ni kò fèsì. Èyí tí mo ń kọ yìí náà, n kò mọ̀ bóyá wọn yóò kà á.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé ìsìnkú, Awaou gbé àmù mẹ́ta jáde. Àwọn èèyàn ní òun ló wẹ òkú adẹ́tẹ̀, wọ́n yà fún un. Ìkòkò mímọ sì ni iṣẹ́ kan ṣoṣo tó mọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ya fótò yìí, ẹ̀yin tí ẹ kọ irọ́ sábẹ́ rẹ̀, ẹ má rán Eusèbe. Ẹ wá sọ́jà Bantè fúnra yín. Ẹ fi ọwọ́ ara yín bó ìwé náà kúrò lára ògiri, kí ẹ sì sọ ọ́ sókè pé irọ́ ni ẹ pa mọ́ Moutiatou. Kí ẹ tó lọ, lójú gbogbo wa, ẹ bu omi nínú àmù Awaou, kí ẹ mu ún.